Fífà yàtọ̀ sí dídúró

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri láàárín àwa ará Ìbàdàn pé jíìpù V8 (èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ) èyíkéyìí lè fa ọkọ̀ ojú omi ńlá láti ibí dé Ẹ̀pẹ́ láìséwu. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

V8 á fà á kúrò lójú kan lóòótọ́. Àmọ́ fífà yàtọ̀ sí dídúró, ó sì tún yàtọ̀ sí ẹrù tí ẹ̀yìn mọ́tò lè gbà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń jẹ́ ti ara ọkọ̀ lásán. Ẹ ṣírò bátìrì, ìdákọ̀ró àti tírélà tó gbé e mọ́ ọn. Bẹntiróòlù lítà 300 nìkan ti lé ní kílò 200.

Nínú àpapọ̀ ìwọ̀n yẹn, nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìkọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 3, kílò 300 sí 450 nìyẹn, a ò tíì ka èrò inú mọ́tò o. Bí èyí tó wà lórí ìkọ́ bá fúyẹ́ jù, tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bó bá wúwo jù, imú mọ́tò á gbé sókè, táyà iwájú ò sì ní di ilẹ̀ mú.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo sítíkà ara férémù rẹ̀: ẹrù tí mọ́tò lè gbé wà níbẹ̀. Èyí tó lè fà wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jíìpù wa, ìwé lè ti sọnù. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọdún àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Tírélà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀.