Gèlè Pupa Nínú Fọ́tò Dúdú àti Funfun: Fífa Saturation Kò Tó

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Lọ́sẹ̀ yìí, níbi táwọn fọtógíráfà mélòó kan jókòó sí ní Yábàá, ẹnìkan ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe máa sọ fọ́tò ìyàwó di dúdú àti funfun, kí gèlè pupa nìkan ṣẹ́ kù: "Fa Saturation gbogbo àwọ̀ yòókù wálẹ̀ dé −100, má fọwọ́ kan pupa. Ó parí." Kò parí rárá. Saturation ni bí àwọ̀ ṣe kún tó; −100 ló ń sọ ọ́ di eérú. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba fọ́tò òwàǹbẹ̀ jẹ́ láti Ìdúmọ̀tà títí dé Ìkẹjà.

Ojú ìyàwó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ mẹ́jọ ni HSL, ibi tí wọ́n ti ń fa Saturation àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Lightroom, áàpù àtúnṣe fọ́tò, ní: pupa, ọsàn, yẹ́lò, ewé, aqua, búlúù, àlùkò àti magenta. Àwọ̀ ara wa, ẹni ì báà pọ́n, ì báà dú bí kóró iṣin, àárín pupa àti ọsàn náà ló wà. Bó ṣe mọ́lẹ̀ sí ló fi yàtọ̀. Pupa tí ẹ dá sí nítorí gèlè, ẹ ti dá a sí fún ètè, etí, ihò imú àti àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú. Ọsàn tí ẹ pa ló wá sọ ìyókù ojú di eérú. Ìyàwó á wá rí bí ẹni tí ìpara bó lójú, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀!

Gèlè náà kì í ṣe pupa kan ṣoṣo. Inú ìṣẹ́po rẹ̀ tí òjìji bò máa ń sún mọ́ magenta. Ibi tí iná gbọ̀ngàn bà á máa ń sún mọ́ ọsàn. Ẹ ti pa méjèèjì, ni gèlè bá ní àbàwọ́n eérú káàkiri. Pupa aṣọ sì tún ń tàn sí ọrùn àti àgbọ̀n. HSL kò mọ gèlè yàtọ̀ sí ọrùn, àwọ̀ nìkan ló mọ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe dánfó ní CMS: ẹ ní kí yẹ́lò ọkọ̀ kan ṣẹ́ kù, gbogbo dánfó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bá a ṣẹ́ kù.

Fáìlì tó ti gba orí WhatsApp tún burú jù. Nínú irú JPEG (fáìlì fọ́tò tí wọ́n fún pọ̀) bẹ́ẹ̀, píksẹ́lì mẹ́rin sábà máa ń pín àwọ̀ ẹyọ kan lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ á wá kọjá etí gèlè díẹ̀. Ẹ kì í rí i nínú fọ́tò aláwọ̀. Tí àyíká bá di eérú, á yọ síta bí ètè tí ọ̀dà rẹ̀ rá. Fáìlì kámẹ́rà gan-an ni kí ẹ gbà, RAW, èyí tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ló dáa jù.

Mask ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ìyẹn ìbòjú tó ń pinnu ibi tí àtúnṣe dé: ibi funfun rẹ̀ gba àtúnṣe, ibi dúdú rẹ̀ dí i. Nínú Photoshop, ẹ lọ sí Layer, New Adjustment Layer, Black & White. Mask funfun á bá a wá. Ẹ sún fọ́tò mọ́ra dé 200%, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kun orí gèlè nínú mask yẹn, Hardness (bí etí búrọ́ọ̀ṣì ṣe le tó) bíi 70%. Tó bá jẹ́ 0, àwọ̀ á rọ́ sí iwájú orí. Tó bá jẹ́ 100, á dà bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Ẹ ṣàṣìṣe? Ẹ tẹ X, kí ẹ fi funfun pa á. Ibi tí gèlè bá fẹ́lẹ́ tí awọ ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ dín Opacity búrọ́ọ̀ṣì (bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe nípọn tó) kù sí 40. Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ mask, gbogbo ibi tí ẹ fò á hàn. Parí rẹ̀ pẹ̀lú Feather (rírọ etí mask) 0.5 sí 1 píksẹ́lì.

Èrè rẹ̀ rèé: nínú àwọn ọ̀pá ibẹ̀ tó ń pinnu bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ sí, Reds, tó máa ń wà ní 40, àti Yellows, tó máa ń wà ní 60, kò lè fọwọ́ kan gèlè mọ́. Ẹ gbé Reds dé bíi 55, ojú ìyàwó á mọ́lẹ̀ dáadáa dípò kó dúdú bí èédú. Ẹni tó fa Saturation ti pàdánù èyí.

Lórí fóònù, Snapseed ń ṣe é: ẹ lo Black & White, ẹ wọ View edits, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ẹ yí mask padà kó bo gbogbo fọ́tò, lẹ́yìn náà ẹ sọ agbára búrọ́ọ̀ṣì di 0, kí ẹ fi kun orí gèlè.

Wọ́n ní ti HSL yá. Ó yá, àtúnṣe rẹ̀ ni kì í yá. Mo ti ṣe é tó láti mọ̀. Ó dáa, tí gèlè bá jẹ́ búlúù, tí kò sí búlúù míì nínú fọ́tò, ó lè ṣeé gbà.

Kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú, ẹ fi í sílẹ̀ ní RGB, ètò fáìlì aláwọ̀. Mode tó ń jẹ́ Grayscale á pa àwọ̀ gèlè náà. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kékeré kan, torí tàdáwà aláwọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń po eérú yẹn, ó sì lè jáde bí àwọ̀ ewé.