Mo Kàn Ń Bá Wọn Túmọ̀ Èdè Ni

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun rí mi lábẹ́ kánópì búlúù lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ní Bissonnet, ní Houston níbí, ẹ sọ fún onítọ̀hún pé mo kàn ń bá wọn túmọ̀ èdè ni. Ohun tí mo sọ níjọ́ náà nìyẹn, mi ò sì tíì yí i padà.

Bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ló kú. Òun sinmi, èmi ni mi ò sinmi. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ní kí n lọ jókòó sílé, kí n máa retí arúgbó mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo arúgbó Houston ti le koko, tí wọ́n ń sáré ìdárayá láàárọ̀ bí ọmọ ogún ọdún.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn pé iṣẹ́ ti lọ. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Olúwa á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò." Kò ì tíì ṣe àmín tán tó fi ní, "Wọ́n ní ìjọba ń pín fóònù fún yín lọ́hùn-ún." Lọ́jọ́ kejì, voice note oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án wọlé. Orúkọ ni. Ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ìyàwó òun, ọ̀kan fún akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ọ̀kan fún ọmọ tó ń bá wọn pọnmi. "Tó o bá rí èyí tó ní kámẹ́rà mẹ́ta, ti Wòlíì nìyẹn."

Fóònù Ọbámà ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí ayé? Láyé Reagan, ní 1985, ni ètò Lifeline, tí ìjọba fi ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí fóònù, bẹ̀rẹ̀, nígbà tí fóònù ṣì ń fi okùn so mọ́ ògiri. Láyé Bush, ní 2005, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún fóònù alágbèéká. Obama ò tíì wọ White House rárá, òun ni wọ́n fi jẹ oyè rẹ̀. Nǹkan ọ̀fẹ́ sáà ti ní láti jẹ́ ti èèyàn dúdú.

Mo yẹ òfin rẹ̀ wò. Ẹni tó bá dá wà, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju nǹkan bíi $21,128 lọ ní 2025, ó tó gbà á. Mo ka owó mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo tòṣì tó! Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo máa yege ní Amẹ́ríkà láìkàwé nìyẹn.

Bí mo ṣe fa fìlà bo ojú nìyẹn, mo fi awò dúdú lé e, mo lọ. Ọmọbìnrin kan jókòó níbẹ̀, èékánná rẹ̀ gùn bí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ ìbẹ́pẹ. Ohùn rẹ̀ ló pa mí. Ó kígbe bí ẹni tó ń pe èrò Ojóta: "Kí lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ìjọba? Food stamps fún oúnjẹ? Medicaid fún ìwòsàn? Àbí ẹ ò sáà lówó ni?"

Mo ní kó rọra sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ ò lówó?"

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ. "Haà! Díákónì wa!"

Ìyá Ìbejì ni, ti ẹgbẹ́ akọrin, ó gbé ọ̀rá pọ̀nmọ́ dání. Mo yí padà débi pé fìlà mi ṣubú. Ó wò mí, ó wo kánópì, ó wo àkọlé "Fóònù Ọ̀fẹ́ fún Aláìní". Ẹnu mi ló ṣáájú mi. "Mo kàn ń bá wọn túmọ̀ èdè ni."

"Ọlọ́run ló rán yín! Màmá mi wà nínú mọ́tò."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn àgbà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́fà dàgbà nílùú yìí, síbẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbọ́ ò ju "okay" àti "stop it" lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí sí.

Ọmọbìnrin náà ní kí n bi wọ́n ní ọjọ́ ìbí wọn. Màmá ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ààfin ni. Mo ní, "Ó wà lára káàdì wọn." Ó ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó bá purọ́, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ náà kíá.

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Nítorí fóònù? Ta ló ń sanwó ẹ̀ ná?"

Mo ṣàlàyé pé $9.25 ni ìjọba ń san fún ilé-iṣẹ́ fóònù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, àti pé lára owó Universal Service tí wọ́n ń já mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ nísàlẹ̀ bíìlì fóònù ni wọ́n ti ń rí i.

Màmá wò mí títí. "Ẹ̀yin náà ń san án?"

"Ọdún mọ́kànlá rèé, mà."

"Ta ló wá ń ṣàánú ta?"

Mi ò rí ìyẹn túmọ̀.

Mo rò pé ó parí, àfi bí ìròyìn ṣe tàn dé inú ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó ṣẹ́jú, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti tò sẹ́yìn mi. Bàbá Ẹ̀gbá kan ń jà pé òun ló kàn. Ará Vietnam kan náà tò, wọ́n ní kí n túmọ̀ fún un. Mo bá a sọ Yorùbá, ó fi èdè tiẹ̀ dá mi lóhùn, ọmọbìnrin náà kọ ohun tó wù ú, ẹ̀rọ sì gbà á wọlé! Wọ́n wọ tíṣẹ́ẹ̀tì búlúù fún mi. Ìyá Ìbejì yà mí ní fọ́tò, ó jù ú sórí WhatsApp ìjọ: "Díákónì wa ń fi àkókò rẹ̀ ran àwọn tálákà lọ́wọ́." Àlùfáà dáhùn ní ojú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday.

Ìgbà tí wọ́n ń tú kánópì ni mo tó rí ara mi rọra sọ̀rọ̀. "Ó ku èmi."

"Ìwọ náà?!" Bissonnet gbọ́.

Ó tẹ àdírẹ́sì mi. Ojú ẹ̀rọ pọ́n. Ó ní ẹnìkan ti ń gba fóònù ọ̀fẹ́ nínú ilé yẹn.

Ẹ̀yin ará, èèyàn méjì péré ló wà nínú ilé yẹn. Èmi tí mo gba yàrá, àti Ọ̀túnba tó ni ilé. Ọ̀túnba! Ọkùnrin tí agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ ní gbogbo òde àríyá láti Houston dé Dallas, tó ń ná dọ́là mọ́ olórin lórí bí ẹni ń já ewé. Ó dáa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n dọ́là ni. Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́gànjọ́, màá gbọ́ ọ nínú ilé ìwẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ ǹlẹ́ o. Ó dáa. Ó dàárọ̀." Mo ti gbà á ládùúrà pé obìnrin ni.

Ọmọbìnrin náà fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Ṣé èmi àti ẹni yẹn jọ ń pawó pọ̀ jẹun? Ọ̀túnba? Ẹni tó fi bírò sàmì sára ìgò òróró rẹ̀ kó lè mọ ibi tó dé? Mo ní kó kọ Rárá, kó kọ ọ́ gàdàgbà. Àwọn tá a jọ ń náwó mi, mẹ́rìnlá ni wọ́n, Ìbàdàn ni gbogbo wọn ń gbé, fọ́ọ̀mù ò sì béèrè ìyẹn.

Ó gbé fóònù fún mi. Dúdú, ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ bí páálí ṣúgà. Ìṣẹ́jú 1,000 àti dátà 4.5GB lóṣù. Voice note ẹ̀gbọ́n mi nìkan á jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí n rántí o, bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí mi ò lò ó, wọ́n á kìlọ̀ fún mi, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọ́n á gé e.

Mo jókòó nínú mọ́tò, mo fẹ́ dán an wò. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lórí mi. Ìka mi ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì kí n tó rántí pé ìyá mi ló ni ín.

Ní June 2024 ni ìjọba dá $30 tí wọ́n fi ń ràn wá lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró. August ni ìyá mi kú. Ìwé mi ò tíì pé, mi ò lè lọ. Orí WhatsApp ni mo ti sin wọ́n, níwájú ilé bàbá òyìnbó, torí pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Bí Àlùfáà ṣe bu erùpẹ̀ sọ́wọ́ báyìí, dátà tán. Mi ò rí i kó dà á sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rí wáífáì, jó ni wọ́n ń jó, gbogbo wọn nínú aṣọ ẹbí tí mo fowó rà. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú sí kámẹ́rà. "Owó màlúù ò tíì pé o."

Màlúù náà ò sì pé títí dòní, ó ṣẹ́ku ẹsẹ̀ kan.

Ṣá o, mo parí nọ́ńbà náà. Obìnrin inú ẹ̀rọ ní ètò tí mo wà kò gbà kí n pe òkè òkun. Wọ́n mọ̀ wá dáadáa.

Mo délé, mo gbé fóònù náà sórí tábìlì kíṣìnì, mo lọ tọ̀. Kí n tó dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fi ti àtijọ́ pè é. Inú agbádá Ọ̀túnba ló ti dún. Ó kọ́wọ́ bọ àpò, ó mú un jáde. Ó tún kọ́wọ́ bọ̀ ọ́, ó mú ìkejì jáde. Ìbejì ni wọ́n.

A wo ara wa.

Ọ̀túnba ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun tọ́jú èyí."

Mo ní, "Èmi náà, mo kàn ń bá wọn túmọ̀ èdè ni."

Láti ìgbà náà, Ọ̀túnba ò wọ ilé ìwẹ̀ lọ́gànjọ́ mọ́. Tó bá ti di ìparí oṣù, màá pè é láti yàrá mi, á gbé e ní yàrá tirẹ̀.

"Hẹ́lò, Ọ̀túnba, ẹ kú alẹ́, sà."

"Kú alẹ́. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Ó ń dún ketekete, sà."

"Ó dáa. Owó yàrá ti oṣù yìí ńkọ́?"

"Hẹ́lò? Ọ̀túnba? Hẹ́lò?"