Òrùlé àgbésókè: ẹ náwó sí gbígbẹ kí ẹ tó náwó sí pákó

Èrò ọkàn mi lónìí dá lórí gbígbé inú kámpà. Kì í ṣe ti ìsinmi ọjọ́ méjì ni mò ń sọ o, gbígbé bí ẹni ń gbé ilé ni. Ọkọ̀ tí mò ń bá wí ni fáànù Volkswagen Transporter, T5 tàbí T6, tí wọ́n gé òrùlé irin rẹ̀, tí wọ́n wá gbé òrùlé àgbésókè lé e: ike líle lókè, kánfáàsì yí i ká, ibùsùn kan lókè, ìkejì nísàlẹ̀. Ó pọ̀ ní títì Ìlú Ọba báyìí. Ìyá kan náà ló bí òun àti danfo tí a mọ̀ l'Ékòó, ohun tó gbé lérí nìkan ló yàtọ̀.

Àwọn tó ń tà á máa ń fi kọ́bọ́ọ̀dù, iná kéékèèké abẹ́ ibùsùn àti aṣọ ìjókòó fa ojú oníbàárà mọ́ra. Wọn kì í sọ pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá di ilé, omi ni onílé yóò máa bá jà látàárọ̀ dalẹ́. Ó dá mi lójú pé èèyàn lè gbé inú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ara sì tù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá náwó sí kọ́bọ́ọ̀dù kó tó náwó sí ooru àti atẹ́gùn, igi ló ń gùn láti òkè.

Ibo ni omi náà ti ń wá? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pariwo pé òrùlé ń jò, nígbà tó jẹ́ pé èémí ara wọn ni. Èèyàn méjì tó bá sùn mọ́jú nínú fáànù yóò tú omi tó tó ìdajì lítà sínú afẹ́fẹ́. Gáàsì ìdáná náà ń di omi: kílò kan rẹ̀ tó bá jóná yóò sọ omi tó lé ní kílò kan àtààbọ̀ sínú yàrá. Ẹ wá fi ìkòkò ìrẹsì tó ń hó, aṣọ òjò àti táwẹ̀lì tútù kún un. Bí a kò bá lé omi yìí jáde, yóò wá ibi tó tutù jù lọ lọ, yóò sì di ìrì síbẹ̀: gíláàsì iwájú, irin tó wà lẹ́yìn pákó, abẹ́ fóòmù, àti kánfáàsì. Láti mọ̀ bóyá ó ń jò lóòótọ́, ẹ nu gbogbo inú rẹ̀ gbẹ, ẹ ti ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ òjò kan. Tó bá gbẹ láàárọ̀, kì í ṣe jíjò. Tó bá tutù, ẹ fi ọ́ọ̀sì tí omi rẹ̀ rọra ń ṣàn wá ibẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì dúró díẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ojú ihò bóòtù àti ojú irin tí wọ́n so ìbòrí ẹ̀gbẹ́ (aṣọ tí wọ́n ń nà síta fún ìbòòji) mọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi, kì í ṣe kánfáàsì.

Síbẹ̀, kánfáàsì gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú pọ̀ mọ́ pọlíẹ́sítà hun máa ń jẹ́ kí èémí jáde. Èyí tí wọ́n fi ike kùn kì í jẹ́ kí òjò wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú jáde bákan náà, nítorí náà ẹ ó máa rí omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ láàárọ̀. Ákírílíìkì wà láàárín àwọn méjèèjì, oòrùn kì í sì tètè ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe ilé, mi ò ní mú oníke. Èyí tó ní òwú nínú, tó bá ṣì tuntun, ẹ jẹ́ kí omi rin ín dáadáa kó sì gbẹ, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tó fọkàn tán an. Òwú máa ń wú nígbà tí omi bá kàn án, ihò abẹ́rẹ́ ojú rírán á sì dí.

Ẹ má ká a ní tútù. Tí ìrìn àjò bá sọ ọ́ di dandan, ẹ ṣí i padà lọ́jọ́ náà gan-an níbi tí atẹ́gùn bá wà, kó gbẹ títí dé inú ìṣẹ́po. Nígbà ooru, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ti tó kí kánfáàsì tútù tí a ká pamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Àmì tóótòòtó dúdú tó bá ti wọnú òwú kì í kúrò tán mọ́, òórùn rẹ̀ á sì wọ inú fóòmù àti aṣọ. Ẹ má fi Jíìkì lé e o. Ó lè mú kó funfun, ṣùgbọ́n ó ń jẹ òwú ìránṣọ, ó sì ń bọ́ oògùn tó ń lé omi dànù kúrò lára rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ náà ń bọ́ ọ. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló yẹ ẹ́. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i: tí omi bá ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ó ṣì dára, tí aṣọ bá dúdú níbi tí omi kàn, ẹ fi oògùn bíi Fabsil kùn ún, ní ìpele méjì tín-ín-rín, kí ẹ sì tún kun ojú rírán lẹ́ẹ̀kan sí i. Òwú ìránṣọ ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ pa, aṣọ ni í tẹ̀ lé e. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, ẹ fi ìka fa ojú rírán díẹ̀.

Títì òrùlé ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń kánjú níbẹ̀ ni yóò fi kánfáàsì tó lu san án. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tàbí fèrèsé iwájú, kí afẹ́fẹ́ inú rí ibi gbà jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ yẹn á ti kánfáàsì síta. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ kó kánfáàsì sínú yíká, kí ẹ tó wá fà á délẹ̀. Okùn rọ́bà kan wà tó yí kánfáàsì ká, òun ló ń fà á wọlé. Tó bá ti dẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó kékeré ni. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rìn yí ọkọ̀ po. Kánfáàsì tó bá há sáàárín òrùlé àti rọ́bà yóò máa fa omi òjò wọlé, ìgbọ̀n ọkọ̀ á sì máa ha á títí yóò fi já. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ rí i pé gbogbo ìdè òrùlé ti wọlé.

Ọ̀pá gáàsì méjì tó ń tì í sókè, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì bùútù, máa ń rọ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n tí òrùlé bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí kò sí òtútù, ó ti parí iṣẹ́. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kí nọ́ńbà agbára tuntun bá èyí tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ fi igi gbe òrùlé ró, kí ẹnìkejì sì dì í mú, kí ẹ tó yọ ọ̀kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé sólà sókè, kó rántí pé páńẹ́ẹ̀lì líle 100W wọn bíi kílò 7 sí 8, èyí tó rọ̀ kò ju bíi kílò 2 lọ. Ìwọ̀n yẹn yí iṣẹ́ ọ̀pá náà padà. Èyí tó rọ̀ ni mo fara mọ́ lórí òrùlé àgbésókè, kí wáyà rẹ̀ sì ní ìyókù tó pọ̀ tó tí gbígbé òrùlé sókè kò fi ní fà á.

Ti ìjì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òrùlé orí T5 àti T6, iwájú ni wọ́n ti ń gbé sókè, ẹ̀yìn ni àgbékọ́ wà. Ẹ kọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó lè máa gorí rẹ̀ kọjá. Tí ìjì bá le débi tí kánfáàsì fi ń lu ara rẹ̀ pàpàpà, ẹ tì í, ẹ sùn sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó fẹ́ gé òrùlé. Irin tí wọ́n ń gé dànù yẹn wà lára ohun tó di ọkọ̀ mú. Férémù irin gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù alágbára bíi Sikaflex lẹ̀, tí wọ́n sì tún fi bóòtù dè. Ẹ béèrè fọ́tò ojú gígé kí wọ́n tó bò ó: wọ́n gbọ́dọ̀ ti fáìlì rẹ̀, kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà, kí ọ̀dà náà sì gbẹ kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Ibi tí wọn kò bá kùn, ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ lábẹ́ rọ́bà láìsí ẹni tó rí i, pánẹ́ẹ̀lì bítà tó bá sì fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gbogbo òrùlé. Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí TÜV, ìyẹn àwọn tó ń dán ọkọ̀ wò ní Jámánì, ti òrùlé náà pẹ̀lú.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, èrò mi ni pé kí òrùlé wà ní títì lóru. Kánfáàsì kò lè dá ooru dúró, ẹ ó kàn máa fi dísẹ́ẹ̀lì yín mú ojú ọ̀run móoru. Hítà dísẹ́ẹ̀lì 2kW tó fún fáànù yìí. Irú rẹ̀ bíi Webasto Air Top 2000 ń mu bíi lítà 0.12 sí 0.24 ní wákàtí kan. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju iná gáàsì lọ ni pé omi tí jíjó epo ń mú wá ń bá páìpù èéfín jáde síta, ooru gbígbẹ ló ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ṣí fèrèsé méjì ní ìwọ̀n ìka kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tútù yẹn kàn máa di afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó kún fún omi ni. Ohun méjì ló sábà ń ba hítà yìí jẹ́. Tí ẹ bá ń fi í sí ìwọ̀n kékeré ní gbogbo ìgbà, ẹ̀ẹ́dú á kún inú rẹ̀. Ẹ máa gbé e sí òkè pátápátá fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Èkejì ni wáyà tín-ín-rín: nígbà tó bá ń tan iná, ó ń fa bíi 8 sí 10 ámpíà, tí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, yóò kọ̀ láti tàn, wọ́n á wá ní hítà ló bàjẹ́. Ẹnu páìpù èéfín kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ẹ ra aago tó ń kìlọ̀ nípa carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, kí nọ́ńbà EN 50291-2 wà lára rẹ̀, nítorí èyíinì ni wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ báyìí. Sìlíńdà gáàsì Campingaz 907, butane ni, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tí òtútù bá dé òdo (0°C). Propane kò ní ìṣòro yẹn.

Iná mànàmáná kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Fíríìjì oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ máa ń jẹ bíi 30 sí 40Ah lóòjọ́ (Ah ni wọ́n fi ń wọn iná inú bátìrì). Bátìrì AGM (irú bátìrì olójé tí wọ́n dí pa) 100Ah, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kà sí tiyín. Ti lithium fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣájì rẹ̀ tí òtútù inú rẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ òdo. Lórí T6 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Euro 6 (ìlànà èéfín ti Yúróòpù), riléè àtijọ́ tó ń so bátìrì ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ti inú ilé kò wúlò mọ́, nítorí alternator rẹ̀ máa ń dín agbára kù nígbà tí bátìrì ọkọ̀ bá ti kún. Ṣájà DC-DC, tó ń fi iná ọkọ̀ ṣájì bátìrì inú ilé bó ṣe yẹ, ni kí ẹ rà, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì gan-an.

Ti ìwé: DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, kò ka òrùlé àgbésókè mọ́ òrùlé gíga nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ohun tí wọ́n máa pe ọkọ̀ nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, nítorí náà kò yẹ kó yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá kọ ọ́ sí fáànù onífèrèsé. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ gbogbo ohun tí ẹ ti yí padà, ní kíkọ sílẹ̀, pé ẹ sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ nílò àdírẹ́ẹ̀sì gidi tí lẹ́tà lè dé. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí DVLA mọ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì òun ti yí padà lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Ní Scotland, ẹ̀tọ́ rírìn káàkiri lórí ilẹ̀ tí òfin ọdún 2003 fún aráàlú kò kan ọkọ̀, agbègbè adágún Loch Lomond sì ní òfin ìpàgọ́ tirẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹsàn-án.

Ẹ tún lọ wọn ọkọ̀ yín. Irú Transporter tí wọ́n ń pè ní T28 kò gbọ́dọ̀ kọjá kílò 2,800 pẹ̀lú ẹrù, T30 kílò 3,000, T32 kílò 3,200. Òrùlé, ibùsùn, bátìrì, ìbòrí ẹ̀gbẹ́, omi lítà 40 àti èèyàn mẹ́rin, wọ́n ń jẹ àlàfo yẹn kíákíá. Ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ tí aráàlú ń lò, kí táǹkì kún, kí gbogbo èèyàn jókòó sínú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.