Apá bàálù tó gùn kọ́ ló ń gbé ẹrù tó wúwo

“Ẹ wo bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó! Èyí á gbé odindi ọjà.” Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nìyẹn bí bàálù ńlá bá ń balẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nípa ẹyẹ pẹ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ gbé Solar Impulse 2 yẹ̀ wò, bàálù tó fi agbára oòrùn nìkan yí ayé ká láàárín ọdún 2015 sí 2016. Láti ṣóńṣó apá ọ̀tún dé ṣóńṣó apá òsì, mítà 72 ni. Ti bàálù ńlá Boeing 747-8 kò tó o, mítà 68.4 péré ni. Síbẹ̀, tọ́ọ̀nù 2.3 ni Solar Impulse wọ̀n, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jókòó sínú rẹ̀. 747-8 ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 447 kúrò nílẹ̀, òun, epo àti ẹrù.

Bí ojú apá ṣe fẹ̀ tó àti bí eré ṣe pọ̀ tó ló ń gbé ẹrù. Bí apá kò bá yí bó ṣe gbórí sókè sí afẹ́fẹ́ padà, tí eré wá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa gbé. Ẹ pín ìwúwo sórí ojú apá kẹ́ ẹ rí i: mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lára apá Solar Impulse ń ru bíi kílò 8.5. Ti Airbus A380, bàálù akérò ńlá, ń ru kílò 680.

Kí wá ni gígùn ń ṣe? Afẹ́fẹ́ abẹ́ apá máa ń yọ́ gba ṣóńṣó lọ sókè, á sì di ààjà tó ń fa bàálù sẹ́yìn. Bí ìwúwo àti eré kò bá yí padà, tí apá gùn ní ìlọ́po méjì, ìfàsẹ́yìn yìí á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Agbára ló ń ṣọ́ jẹ. Ìdí nìyẹn tí albatross, ẹyẹ inú òkun gúúsù, fi lè rìn jìnnà láì fi bẹ́ẹ̀ ju apá: apá rẹ̀ lè tó mítà 3.5, iṣan kan sì wà léjìká rẹ̀ tó ń tì í pa. Kò sábà ju kílò 12 lọ. Akọ kori bustard, ẹyẹ ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà, tí apá tirẹ̀ kò tó mítà 3, lè wọn kílò 18. Bí atẹ́gùn kò bá sì fẹ́, orí omi ni albatross máa jókòó sí. Àparò, apá kúkúrú, á ti ta pọ́ún kúrò nínú koríko.

Ẹni tó ń fi fóòmù kan bàálù kékeré lè dán an wò. Apá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó fẹ̀ ní 20, àti èyí tó gùn ní 150, tó fẹ̀ ní 13.3, ojú kan náà ni wọ́n ní. Èkejì kò ní gbé ju tàkọ́kọ́ lọ. Ìfàsẹ́yìn ààjà ló máa dín kù ju ìlàjì lọ. Bẹ́ ẹ bá sì fi agbára yí i po, ìdí apá ló máa kán, torí ó tínrín sí i, ẹrù sì jìnnà sí ìdí. Ọ̀pá carbon lè gbà á là, ṣùgbọ́n òun náà wúwo. Ẹrù lẹ ń wá? Ẹ fi í sílẹ̀ ní 100, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 30.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń bá gígùn yìí jà. Apá Boeing 777X jẹ́ mítà 71.75 lófurufú, ṣùgbọ́n tó bá balẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì á ká sókè, á wá di 64.85, torí ibùdúró tí àwọn 777 àtẹ̀yìnwá ń lò kì í gba bàálù tí apá rẹ̀ tó mítà 65.