Ìlójò ti wó, ẹ má jẹ́ kí ilé Àgùdà tó kù tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣọdún Iléyá, wọ́n fi katapílà wó Ilé Ìlójò palẹ̀ ní Tinubu Square, l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wá títí di òní.

Ìdílé Fernandez, Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé, ló kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ní 1855. Orí àwọn ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ roboto. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọtí àti oúnjẹ. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Ìdílé yìí náà ni Victor Olaiya, ògbóǹtarìgì olórin háíláìfù, ti wá. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni.

Ó lo 60 ọdún lórí oyè yẹn. Ṣùgbọ́n oyè kì í rẹ́ ògiri tó bá là. Àwọn onílé ní ilé náà ti di ẹgẹrẹmìtì, ó sì lè pa èèyàn. A ò gbè wọ́n pé wọ́n wó o, torí òfin 1979 ò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni wó ohun ìrántí láìgbàṣẹ. Síbẹ̀, bí ìjọba bá sọ pé ilé kan ti di ti gbogbo wa, kò yẹ kó fi owó àtúnṣe rẹ̀ sọ́rùn ìdílé kan ṣoṣo.

Ogún àwọn Àgùdà ò mọ sórí ilé. Bíríkìlà àti káfíńtà wọn kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó níṣẹ́. Bí Good Friday bá dé, ẹ lọ sí Pópó Àgùdà, ẹ ó rí frejon: ẹ̀wà tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè títí yóò fi ki, tí wọ́n wá fi ẹja jẹ. Ìyá lè kọ́ ọmọ ní frejon. Ta ni yóò kọ́ni ní Ìlójò?

Ohun tí à ń bèèrè ò ju agbára ìjọba lọ. Kí ìjọba àpapọ̀ máa san owó àtúnṣe ilé tó bá ti fi òfin dì mú. Kí ìjọba Èkó má fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé wíwó kankan ní Ìsàlẹ̀ Èkó láìkọ́kọ́ yẹ orúkọ àwọn ohun ìrántí wò. Ilé Omi ìdílé da Rocha, ìdílé tí baba ńlá wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, wà ní òpópónà Kakawa. Kí wọ́n rán ẹnjiníà lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò ọdún yìí tó dá sílẹ̀.