Kọ́ìn orí apá tọntébù: irọ́ ni o
Fídíò tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn, tí wọ́n ní tí àwo orin bá ń fò kẹ́ ẹ kàn gbé kọ́ìn lé orí apá tọntébù, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, ẹ má dá a lóhùn. Abẹ́rẹ́ òde òní tó wà lẹ́nu apá yẹn, bíi gíráàmù 2 ló máa ń fi tẹ àwo, kọ́ìn sẹ́ǹtì 5 Amẹ́ríkà kan ṣoṣo sì rèé, gíráàmù 5 ni! Lóòótọ́ ó lè má fò mọ́, ohun tó ń tan àwọn èèyàn nìyẹn, àmọ́ ńṣe ló ń họ inú ìlà àwo, tó bá sì ti họ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Èmi náà ṣe é rí, àwo jùjú bàbá mi kan ti ń dún ṣaaṣaa báyìí.

Ẹnu abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, eruku ló sábà máa ń dì mọ́ ọn bí òwú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá a láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ṣé tábìlì yín tẹ́jú? Tó bá ṣì ń fò, ẹ yí irin roboto tó wà nídìí apá yẹn títí apá á fi léfòó gbalaja, ẹ yí nọ́ńbà ara ẹ̀ sí 0, kẹ́ ẹ wá yí gbogbo ẹ̀ dé iye tí ìwé abẹ́rẹ́ yín sọ.