Ìlà Kan Kò Tó Jẹ́rìí Ẹ̀jẹ̀

Ìwé tí àwọn aláṣẹ ìlera fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn Iléṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò gùn. Ojú ewé kan péré ni, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì la kà á kí ojú wa tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní àyẹ̀wò HIV ojú-ẹsẹ̀ nìkan ti tó, fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, torí pé èròjà ELISA, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nínú láàbù, ti tán. Ìgbà díẹ̀ wo? Wọn ò kọ ọjọ́ sí i.

A ti sọ ọ́ lójú ewé yìí rí, a ó sì tún un sọ: ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún àyẹ̀wò ojú-ẹsẹ̀ yẹn kì í wá kòkòrò HIV. Ohun ìjà tí ara ń rọ láti fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá, ara kì í sì í rọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó kó o lónìí lè lo ọjọ́ 23 sí 90 kí ike yẹn tó mọ̀. Títí dìgbà náà, ìlà kan ṣoṣo ni yóò máa yọ, wọn á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ń ràn nínú rẹ̀ bí iná pápá inú ọyẹ́. ELISA tó ń wá p24, tí í ṣe ara kòkòrò náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun ìjà ara, lè rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Àwọn àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì rẹ̀, irú PCR, lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33. Kò sí ọ̀kan tí kò ní ọjọ́ àìmọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí a mú èyí tí tirẹ̀ gùn jù? Irú kòkòrò yìí, tó bá wọlé, á kọ ara rẹ̀ mọ́ jíìnì ẹni. Oògùn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè lé e jáde.

A mọ ohun tí wọn ó fọ̀: aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóru kò lè dúró de ELISA. Òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tó ti wà nínú fíríìjì kó tó dé, ló yẹ kó bá níbẹ̀.

Àwo ELISA kan ní ihò 96 tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn kékeré tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni mẹ́ta kò ní í ṣí odindi àwo nítorí mẹ́ta. Yóò dúró kó pọ̀, èròjà á sì bàjẹ́ sínú fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi dábàá pé kí gbogbo wọn, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ sí láàbù kan lójoojúmọ́, kí àwo lè máa kún. Ọkọ̀ kan àti kúlà oníyìnyín ló gbà. Ọkọ̀ aláṣẹ mélòó ló ń fọn fèrè kọjá lọ́nà Ifẹ̀ lójúmọ́?

A ò tíì dé orí HTLV-1 o, mọ̀lẹ́bí HIV tí àwọn ará Jàpáánì ti ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ láti ọdún 1986. Ẹni tí à ń bá fa HIV lọ́wọ́, báwo la ṣe fẹ́ dárúkọ ìyẹn fún un?

Kí wọ́n yí ìpinnu yìí padà. Bí wọn ò bá fẹ́, kí ẹni tó buwọ́ lùwé jáde sí gbangba, kó sọ bóyá òun á gbà kí wọ́n fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ òun lára. Ìlú Òṣómàáló ni wọ́n kọ̀wé sí. Òṣó la ó ló síbẹ̀ títí èsì á fi dé.